Sípánà Tó Dúró Lójú Afẹ́fẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìn Olódò. Ẹ kú ooru ẹwìrì. Mo kí Ìyá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àkànní. Ọyẹ́ Kàdúná ti la ètè mi, ẹ̀rín gan-an ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ fírídọ́ọ̀mù mi ni mo bá wá, èyí tí ẹ fẹ́ wá ṣe lópin oṣù, kí n lè di mẹkáníìkì tara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wo tẹlifíṣọ̀n nílé aládùúgbò wa. Wọ́n fi àwọn òyìnbó kan hàn nínú ọkọ̀ tó gbé wọn kọjá ìkùukùu, níbi tí nǹkan kì í ti í já bọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé irin tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ẹsẹ̀ ló ń wá. Tiwọn ò wá ẹsẹ̀ o. Ọ̀kan jọ̀wọ́ sípánà, sípánà dúró níwájú ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́rọ̀. Ó fẹ́ ẹ látẹ́gùn, ó rọra lọ bá ìkejì. Ìyẹn fìka ta á, ó ń pòyì bí òkòtó, láìsí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n fokùn so irinṣẹ́ yòókù mọ́dìí bí ẹni so ewúrẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kàn lanu sílẹ̀ ni.

Ní Mọ́ńdé, Ràímì tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ wà lódìkejì ọkọ̀ Alájì kan, ó ní kí n fún òun ní sípánà. Mo jù ú sókè díẹ̀, mo fìka ta á. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ló lọ bá.

Ọ̀gá ò nà mí. Wọ́n bi mí bóyá orí mi pé. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ràímì ní kí wọ́n kúkú gbé mi lọ sọ́hùn-ún, bóyá n ò ní í fọ́ nǹkan. Ọ̀gá wá bi mí pé bí ọkọ̀ yẹn bá kọṣẹ́ lókè, ta ni wọ́n ń pè. Mo ní àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n wojú ọ̀run. Wọ́n ní ẹni tí kò rẹ́ni bá a ti ọkọ̀, tó tún ń fi irinṣẹ́ ṣeré, ó ti mọ iṣẹ́ dénú egungun. Èmi ò tíì débẹ̀. Wọ́n sún fírídọ́ọ̀mù mi síwájú ní oṣù mẹ́ta.

Bàbá, ẹ má tíì háyà mọ́tò. Àárò yín ń sọ mí, mo ti ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n n ò bá Ọ̀gá jiyàn, torí mo fojú mi rí ibi tí iṣẹ́ lè gbé èèyàn dé.

Kí Ògún ṣọ́ yín nídìí iná. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àtẹni tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ògúndélé