Agbọ́ràn, Ẹ̀rọ Onípáálí Ìṣáná

Ọjọ́ Ajé, 1 Júùnù 1964
Lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn! Wọ́n fẹ́ kọ́ ènìyàn mẹ́fà níṣẹ́ ẹ̀rọ aṣírò ńlá. Ìdánwò: kí n to àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé láti ka gbogbo ọjọ́ ọjà ọrún ìlú mi nínú oṣù yìí. Ọ̀la gan-an lọjà. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹjọ. Èmi tí n kò rí ẹ̀rọ náà rí!

Ìṣẹ́gun, 2
Mo ti ṣe ẹ̀rọ tèmi. Páálí ìṣáná mẹ́jọ, nọ́ńbà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àṣẹ lórí pépà: MÚ. RÒ PỌ̀. FI PAMỌ́. PADÀ. DÚRÓ. Mo ka ọ̀kan, mo ṣe é, mo ka èyí tó kàn — n kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n ara mi kún un. Mo sọ ọ́ ní Agbọ́ràn. Ernest, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ní ṣé ìṣáná ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnu ẹ̀!

Ọjọ́rú, 3
Mo gbàgbé DÚRÓ! Oṣù Júùnù mi dé ọjọ́ kejìléláàádọ́ta kí n tó fura. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹtì, 5
Ó dúró! Ọjọ́ kejì, ìkeje, ìkejìlá… Mo ti lẹ àpòòwé pa.

Àbámẹ́ta, 6
Orí ló yọ mí. Mò ń lọ síbi ìfìwéránṣẹ́, mo bá Ìyá mi tó ń di ẹrù ọjà. Mo ní ọ̀la lọjà, Agbọ́ràn ló wí. Ó ní, “Ùwọ! Ọjà ti kún!” Ó fi ìka kà á fún mi: ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni ení. Òní lọrún! Áà! Láti kékeré ni mo ti ń kà á bẹ́ẹ̀, mo wá ní kí Agbọ́ràn fi márùn-ún kún un. Ó gbọ́ràn náà ni.

Mo ya àpòòwé. Mo fi mẹ́rin rọ́pò márùn-ún. Ìyá sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń fi ìka bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: ìkejì, ìkẹfà, ìkẹwàá, títí dé ọgbọ̀n. Mo sáré. Ọkọ̀ lẹ́tà ti ń mi jìgìjìgì kí n tó dé ibẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 9 Júláì. Ìbàdàn
Wọ́n pè mí wá. Mo rí ẹ̀rọ náà! Ó tóbi ju yàrá wa lọ. Wọ́n fi àṣẹ mi sí i lójú mi. Ìkejì, ìkẹfà, ìkẹwàá… gẹ́lẹ́ bíi ti Agbọ́ràn! Omijé bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní márùn-ún ni ọ̀pọ̀ kọ. Ó ní ta ló bá mi yẹ tèmi wò? Mo ní ìyá mi. Ó ní yunifásítì wo ni wọ́n lọ?

Wọ́n gbà mí! Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká ka tòní mọ́ ọn?”