Bọ̀ọ̀dá Dúródọlá, Ẹni Tí Abẹ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Mo búra níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí tó jókòó yìí, ohun tí akọ̀wé ìjọ ń bá mi kọ, òtítọ́ ni. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí iṣu mi má ta lọ́dún yìí.

Ayébọ́dẹ-Èkìtì la bí Bọ̀ọ̀dá mi, Dúródọlá Akínyẹmí, sí lọ́dún 1943. Bàbá wa jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ará Ìkọ̀lé ni ìyá wa. Ọjọ́ tí wọ́n kọlà fún Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ tó dà, odò ẹ̀yìnkùlé wa ò tó o. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ọkùnrin ti kú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní abẹ olólà ló burú, wọ́n pààrọ̀ olólà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tún kú bẹ́ẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé kí wọ́n pa abẹ tì.

Bọ̀ọ̀dá ò kú, wọ́n bá di ọba sílé. Èmi Bámidélé ń ru igi, wọ́n jókòó. Tíṣà ò gbọdọ̀ nà wọ́n. Pákò gan-an, wọn kì í run ún. Òwú ni màmá fi ń nu eyín wọn. Ta ló fi òwú nu eyín mi rí? Bí orúnkún wọn bá wú, màmá á gbé e lé ìrọ̀rí, á fi omi tútù sí i, ẹran ọbẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Èmi náà di aṣọ mọ́ orúnkún lọ́jọ́ kan. Oko ni bàbá lé mi lọ.

Lọ́dún 1958, dókítà kan n'Íbàdàn là á yé wa: ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì bó ṣe yẹ. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, kì í sì í sábà hàn lára ìyá. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ó lè mú ọmọ kan, kó fo èkejì. Ó fò mí. Bí mo bá gé ọwọ́, kí àdá tó balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ.

Lọ́dún 1962 wọ́n di tíṣà n'Ífàkì. Wọn ò gbéyàwó, síbẹ̀ gbogbo omidan ìjọ ló ń bá wọn gbé báàgì. Èmi tí mò ń dá àpò kòkó mẹ́ta gbé, wọn ò wò mí.

Lóṣù tó kọjá, 1966, eyín wọn kan yọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n di ọwọ́ Àrínọlá àbúrò wa mú, tòun ti oyún: "Bó bá jẹ́ ọkùnrin, má jẹ́ kí abẹ kàn án títí dókítà á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò." Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi kí wọ́n tó kú.

Ìyá wa, Àrínọlá, ọmọkùnrin tó bí lọ́sẹ̀ yìí, àti èmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin àna wa ará Igbólé, mo gbọ́ pé olólà ń bọ̀ lọ́la. Èmi ni mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti fi ọwọ́ lásán lé ẹkùn rí. Ẹ kẹ́ ọmọ náà bíi Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fún un ní ẹran tèmi. Bọ̀ọ̀dá, oorun re o. Kí ara má ro yín mọ́.

Ìyá ọkọ Àrínọlá ní kí akọ̀wé kọ tòun sí i: "Mo ti ránṣẹ́ dá olólà dúró. Bámidélé, lọ ulé, máa relé."

Gbogbo wọn ní, "Lọ ulé."