Ẹ̀rọ Tó Ń Ba Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ìríra ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yín àgbà ni. Ẹ má bínú pé 'ó' ni màá máa pè é. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fojú di ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi ní Deptford, nílùú òyìnbó níhìn-ín, tí ẹ ò yé béèrè pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tó ń ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ la fi ń ṣiṣẹ́. Kí fóònù tuntun tó jáde, a óò so ó mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì fi ìyà òjò, ògiri tó nípọn àti bọ́ọ̀sì tó ń sáré jẹ ẹ́ lórí tábìlì, ká lè mọ̀ bóyá yóò ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ògbólógbòó kan nù, mo tọrọ rẹ̀. Mo gbé e wá sí yàrá mi ní Peckham, mo so ó mọ́ Wi-Fi mi kí n lè máa fi kọ́ṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nu gíláàsì yín kí ẹ tó gbé fóònù, bí ẹni pé ojú la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yìí ì bá pa yín lẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ohun kan ṣoṣo ni Màámi ń béèrè: ṣé àwọn lè wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Nunhead? Yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀ o. Kò fẹ́, kò sì lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń rún ọ̀rá bisikíìtì létí fóònù kó lè dún bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, àmọ́ Màámi kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́yìn tí mo fi ẹ̀rọ mi hàn án, ó ní ká jọ máa gba ìpè ọjọ́ Sunday ní yàrá mi. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo wà nídìí tíì nígbà tí mo gbọ́ ariwo rẹ̀: "Mummy, network yín bad gan-an o! I can't hear you at all!" Mo yọjú, ó ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o, Bàbá mi!

Màámi gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bàjẹ́. Wọ́n jáde kúrò ní pálọ̀ ní Ìkirè, wọ́n ń fi eékún tó ń dùn wọ́n rìn nínú oòrùn, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n ń pe orúkọ wa. Mo ti ẹ̀gbọ́n mi dànù, mo yí bọ́tìnnì náà padà. Ohùn Màámi mọ́ gaara. Ẹ̀gbẹ́ sàréè yín ni wọ́n dé lásìkò náà. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá àwọn di nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú.

Wọ́n ti gbé àga síbẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé, bó ti wù kí yàrá mi há tó. Wọ́n ní rárá, àwọn ò lè fi yín sílẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ́ tàwọn. Ọmọkùnrin yín wá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti bá òun yanjú ọ̀rọ̀ ìyá òun. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Bí mo bá sọ òótọ́ fún wọn, màá tún gbà yín lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Bí n ò bá sọ, àwọn nìkan ni wọn yóò máa darúgbó lọ lórí àga yẹn, nítorí irọ́ tó ti inú ẹ̀rọ mi jáde. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Màá sọ ọ́. Àmọ́ kí n tó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ sí wọn lójú àlá lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n lè mọ̀ pé lóòótọ́ lẹ ṣì ń gbọ́ wọn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí kò tíì fi yín sílẹ̀.