Kámẹ́rà Tí Kò Mọ Latifou

Rahimatou ọmọ mi ní Kutọnu,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé omi òjò tí ẹ ní ó ń wọlé ti fà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ gbàgbé ọ̀nà tó wá sí ilé wa. Àmín. Tí o bá bi mí léèrè, ara mi kò burú ju bó ṣe yẹ kó burú lọ fún ẹni tó dàgbà tó mi. Orúnkún ń dùn mí, etí òsì kò gbọ́ràn, kajú ti tán lóko, iṣu tuntun kò tíì jáde.

Mo lè fi tẹlifóònù sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ níjẹta, ohùn mi kò jáde mọ́, o ń pe alóò, alóò, o rò pé kónẹ́síọ̀n ló já. Kì í ṣe kónẹ́síọ̀n. Mo fi ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ ní Sanson níbí, mo sì mọ̀ pé ohun tí ẹnu kò bá lè gbé, ọwọ́ lè bá a gbé e.

Nígbà tí mo ṣubú lẹ́bàá kànga, tí ẹ wá gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ní kí ojú yín lè máa tó mi ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń dé fìlà, tí mo ń jókòó síwájú rẹ̀, tí mo ń retí kí o kí mi. Iná kékeré rẹ̀ ń ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé o ti jí, síbẹ̀ ẹ káàárọ̀ kò wá. Ṣé èmi bàbá rẹ ni kí n kọ́kọ́ kí ọ ni? Mo ní ọmọ yìí ti gbé ẹ̀kọ́ ilé jù sí Kutọnu. Latifou ọ̀rẹ́ mi ló bá mi pẹ̀tù sí i, ó ní bóyá o ń kúnlẹ̀ níbẹ̀, àwa la ò rí ọ. Láti ọjọ́ náà, tí iná bá ti ṣẹ́jú, màá ní Rahimatou, káàárọ̀, ṣé o jí dáadáa? Màá gbé orúnkún mi sókè kí o lè rí ibi tó wú, màá sì gbé abọ́ àkàsà mi hàn ọ́ pé mo ti jẹun.

O mọ tonton Latifou, tí o fi ṣe bàbá kékeré. Òun ló máa ń gbé ọ lé èjìká lọ wo ọkọ̀ ojú irin, nígbà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Tchaourou. Ọkọ̀ náà ti dákẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n àsìkò tí ọkọ̀ Kutọnu máa ń wọlé lọ́sàn-án ni Latifou ń wọ ilé mi lójoojúmọ́, òjò ìbáà máa rọ̀. Yóò wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, yóò bèèrè bóyá èrò ṣì kù, èmi á ní ó ku ẹyọ kan, ẹrù rẹ̀ sì wúwo. A ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, a ó sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n ń gun ọ̀kadà kọjá lára mi láìkí mi. Nígbà tí ìyá rẹ lọ, òun ló ń bá mi tọwọ́ bọ abọ́ kí n lè jẹun. Ẹ̀yin ọmọ ni ayé mi, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n Latifou ni ọ̀sán mi.

Ó kú lóṣù tó kọjá, o gbọ́, o sì fi owó àdúrà ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún ọ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú rẹ̀. Kò fẹ́ràn fọ́tò. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìkan ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti mú un lọ. Mo di ojú, mo la ojú, ó ń sá lọ. Mi ò rántí mọ́ bóyá eyín ọ̀tún ló ká ni tàbí ti òsì. Ìgbà náà ni mo rántí pé o ní gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí, ó ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní Latifou wà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo ń sunkún lásán! Níjẹta, mo gun ọ̀kadà zém lọ ra kírẹ́dì ní Tchaourou, mo pè ọ́, mo ní kí o yọ Latifou jáde fún mi, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni kí o yọ.

O ní, "Bàbá, mi ò rí tonton Latifou níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń rí, àti àwọn adìẹ. Tó bá ti di ọ̀sán, ògiri ni." O ní o rò pé àwa méjèèjì ti jà. O ní o ti sunkún títí pé bàbá rẹ kò lẹ́nìkan mọ́.

Rahimatou, èmi ni mo ń yí kámẹ́rà náà, mo sì ti gbàgbé pátápátá nígbà tí mo pè ọ́. Níbo lo ti rí ọmọ tó ń jókòó síbi tí àgbà méjì ti ń sọ̀rọ̀? Nígbà tí o wà ní kékeré, tí Latifou bá ti wúkọ́, o ti dìde lọ sẹ́yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú sí ọ. Kámẹ́rà kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi dìde. Tí mo bá ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀, màá ní Rahimatou, má bínú, màá sì dojú rẹ kọ ògiri. Tó bá lọ tán, màá yí ọ padà. Latifou pàápàá ń yìn mí, ó ní mi ò gbàgbé iṣẹ́ olùkọ́.

Wo ayé. Ní gbogbo ìgbà tí o ń sunkún pé mo dá wà, mi ò dá wà. Nísinsìnyí tí mi ò yí ojú rẹ sí ibì kankan mọ́, ó ti di òótọ́. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Àwa ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò jáde. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Gbogbo ẹni tó kù, Bàbá ni wọ́n ń pè mí, tàbí Maître, bí wọ́n ti ń pe olùkọ́. Latifou nìkan ló ń pè mí lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti lọ, mi ò tíì gbọ́ orúkọ mi.

O ní ẹ fẹ́ ra kámẹ́rà kejì sẹ́yìnkùlé. Ẹ má rà á. Mo mọ̀ pé lẹ́tà bàbá kì í parí láìtọrọ owó, èmi náà ń tọrọ: owó kámẹ́rà yẹn ni kí o fún mi. Ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ Parakou, kí o sọ̀ ní Tchaourou. Bí o kò bá ráyè, mi ò ní bínú, wàá ṣì máa rí mi, èmi ni mi ò ní rí ọ. Bí o bá ráyè, wá lọ́sàn-án, kí o wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màá yí kámẹ́rà sí ògiri, wàá sì jókòó lórí bẹ́ńṣì. O ti dàgbà tó báyìí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí títí o ó fi darúgbó, kí ó sì ṣẹ́ ẹnì kan kù tí yóò máa pè ọ́ ní Rahimatou.

Èmi ni bàbá rẹ,
Imorou