Ẹ́ńjìnnì Inú Àgbàlá Àwọn Obìnrin

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú tí ẹ fi ń ṣọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Runjin Sambo, nílùú Sókótó níbí, mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí lẹ ti ń sọ pé kí n dìde. Mo kí Bàbá Àgbà ní ìyẹ̀wù wọn. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, lágbà lọ́mọdé. Sìfáwù tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí, ẹ ní kó rọra kà á, kó má sì fo ibi tí mo ti bá Ràájí wí, torí mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí lẹ́tà ìyá àtọmọ fi wà nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń kà. Kò le rárá. Ní ọdún iléyá tó kọjá, Ràájí, àbúrò mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, dúró láàárín agbo ilé, ó ní opó tó jókòó sí Sókótó nítorí òwò àlùbọ́sà ń kó ìtìjú bá ilé wa. Gbogbo ẹbí ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní gbangba, gbangba náà la ti ń dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi àti rẹ̀ ṣe àdéhùn lórí fóònù. Ó ní bí ọkọ̀ tí Bàbá Mónsúrù, ọkọ mi, fi sílẹ̀ bá ṣì jókòó síbẹ̀ bí òkú, tí mi ò rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé jáde títí di ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan gwangwan, kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí èmi náà di ẹrù mi. Òun á bá ọkọ̀ akẹ́rù wá kó mi. Mo ní mo gbà. Mo fi ẹnu mi gbà, mi ò sì ní sẹ́.

Màámi, ara ọkọ̀ yẹn ló kú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán ní ọ̀nà oko, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tuntun tí ọkọ mi fi sí i kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo sì ti rí irú ọkọ̀ náà gan-an rà ní Gagi, àdúgbò kan níbí, ara rẹ̀ ṣì le koko, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ti jóná. Ohun tó kù ni kí n yọ ti ibí, kí n gbé e fún ti ọ̀hún. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ nínú òwò yìí, àjẹkù ló ń rà ní Kasuwar Kara, ọjà ibí: wọ́n á fi àlùbọ́sà pupa dídán sí ẹnu àpò, èyí tó ti jẹrà á wà nísàlẹ̀. Bí mo bá lọ sóko fúnra mi, mo lè ki ọwọ́ bọ àpò dé ìgúnpá kí n tó sanwó. Ẹni tó bá sì ń háyà ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọlọ́kọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò ti ọkọ̀ náà jáde lọ bá mẹkáníìkì. Àṣìṣe mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà nínú ìdá opó, nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, òjò wó ògiri ẹnu ọ̀nà ilé wa. Àlàájì onílé rán ìyàwó wọn sí mi pé àwọn fẹ́ tún un mọ, ṣé kí àwọn dá àyè ọkọ̀ sí? Èmi tí mò ń sunkún, mo ní kí wọ́n dí i pa, pé kí ni mo tún fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe láyé. Wọ́n sì dí i. Ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọlanke ni àyè rẹ̀ mọ. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn obìnrin ilé wa: kí opó má ṣe dáhùn ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ nínú ìdá.

Ó wá ku kí mẹkáníìkì wọlé wá. Ìyẹn náà há. Àwọn ìyàwó Àlàájì àti ìyàwó àwọn ọmọ wọn, ẹlẹ́hàá ni gbogbo wọn, inú àgbàlá tí ọkọ̀ wà ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kì í kọjá zaure, ìyẹn yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ Àlàájì. Wọ́n ní àwọn ò lè tìtorí irin kó ọkùnrin mẹ́rin wọ àárín àwọn ìyàwó àwọn. Mi ò bínú, ilé wọn ni. Sánúsí, mẹkáníìkì tó ń bá ọkọ mi ṣe ọkọ̀, ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run ti fún èmi náà ní ọwọ́ méjì. Mo ní kó jókòó sí zaure, kó kẹ̀yìn sí wa, kó máa fi ẹnu sọ ọ́, èmi á máa tú u.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe kí ìrun àsùbáà tán. Oòrùn ibí kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ẹ ò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin kí ẹ ka ení, èjì. Mo yọ bátìrì, mo da omi rédíétọ̀ nù, mo da ọ́ìlì sínú garawa. Mo ya ìró mi kan aláwọ̀ púpọ̀ tó ti gbó, mo ń so ó mọ́ wáyà àti ibi tí mo ti yọ ọ́, àwọ̀ kan náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan, agolo tòmátò tirẹ̀. Sánúsí kígbe láti zaure pé kí n da gbogbo ẹ̀ sínú abọ́ kan, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n bá tún ṣe fi máa ń dín nọ́ọ̀tì mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Kai, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ lè ka hóró iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Hàjíyá, ìyálé nílé Àlàájì, ẹgbẹ́ mi ni. Ó kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí bí ẹni ń wo eré. Ó ní òun ti gbẹ̀bí obìnrin mẹ́jọ nínú ilé yìí, òun ò gbẹ̀bí ọkọ̀ rí. Nígbà tó rí i pé bọ́nẹ́ẹ̀tì fẹ́ já lù mí lórí, ó sán ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó wá dì í mú. Láti ìgbà náà ni kò ti padà sórí àpótí. Ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì la jọ da kẹrosíìnì sí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, a sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi jáàkì ti gíábọ́ọ̀sì lábẹ́ kó má bàa já wálẹ̀.

Ọjọ́rú ni wàhálà dé. Sánúsí ní bóòtù mẹ́fà ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Mo ka èyí tí mo tú, márùn-ún. Mo tún un kà, márùn-ún. Ó ní kò burú, bóyá ẹni tó fi í síbẹ̀ ló fi ọ̀kan sílẹ̀, kí a máa gbé e. Màámi, mo fi ìṣirò mi sílẹ̀, mo tẹ̀lé ẹnu rẹ̀. A fi ṣéènì dè é, a ti igi bọ̀ ọ́, àwa obìnrin ilé náà, mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, a ní Bísímílà. Ó gbéra díẹ̀, ó sì dúró. Nígbà tí a tún fà á, jáàkì yẹ̀, ẹ́ńjìnnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, igi là, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sí Hàjíyá lẹ́sẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ní bó bá ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀, Àlàájì á fi ọwọ́ ara wọn ju ọkọ̀ náà síta, àti èmi náà. Àwọn obìnrin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi nìkan ló kù. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, Màámi, mi ò tíì rí ọ̀sán tó gùn tó ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí mo lè fi Yorùbá ráhùn fún. Mo rí i lójú mi bí Ràájí yóò ṣe máa kó ẹní mi sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tí yóò máa pa mí lẹ́rìn-ín kí n má bàa sunkún. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo dìde.

Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, lókè pátápátá, níbi tí ojú kò dé. Ọ́ìlì àti eruku ti di mọ́ra wọn níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó jóná. Mo fi ìdí ṣíbí ha á. Bóòtù kẹfà wà níbẹ̀, ó lúgọ jẹ́ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí Sánúsí láti ẹ̀yìn ògiri, èyí tí mi ò ní kọ síbí torí Bàbá Àgbà. Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun ti yọ bóòtù yẹn láìmọye ìgbà, àmọ́ ọwọ́ òun ló mọ̀ ọ́n, ẹnu òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Awọ ìka mi méjì bó. Bóòtù náà dún kọ́, ó yí.

Ó ku gbígbé. Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ bá Hàjíyá ní yàrá rẹ̀. Mi ò purọ́ fún un pé kò ní í léwu. Mo ní èmi ni màá dúró síbi tó fì sí, pé bó bá já, ẹsẹ̀ tèmi ni. Ó wá ní ẹlẹ́hàá ni òun, òun kì í lọ ọjà, èmi ni mò ń bá òun ra àlùbọ́sà tí òun ń tọ́jú fún ìgbà ọ̀wọ́n. Bí mo bá lọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé àbúrò mi ni yóò máa wá bá òun rà á? Ó ní Haba, kí n lọ sùn.

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn obìnrin jáde. Ó ti ní kí wọ́n wá igi òrùlé tó nípọn. Mo dúró síbi tí mo ní màá dúró sí. A ní Bísímílà, ẹ́ńjìnnì sì gbéra, ó ń bọ̀, ó kọjá ẹnu ọkọ̀. A gbé e lé ọmọlanke. A tì í dé zaure, a padà sẹ́yìn, a fa aṣọ bo orí, àwọn ọkùnrin tí Sánúsí kó wá sì gbà á jáde. Wọn ò tíì pe ìrun Jímọ̀. Nígbà náà làwọn obìnrin wá bú sí gùdà, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin Hausa, tí Hàjíyá ń pariwo pé ìyá àti ọmọ yè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn nínú ara rẹ̀ tuntun ní Gagi. Lánàá, mo wà á lọ sóko, mo sì wà á bọ̀.

Nítorí náà, Màámi, ẹ sọ fún Ràájí pé kó dá ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Àdéhùn ni àdéhùn. Bó bá fẹ́ wá, kó wá bí àlejò, kó gbé èlùbọ́ lọ́wọ́, kó sì má dààmú pé ta ni yóò mú òun délé. Kó dúró sí gáréèjì. Èmi ni màá wá gbé e.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ jẹ èrè ọmọ. Kò ní í fi ìgbẹ̀yìn wa ṣe ẹ̀rín fún ayé. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò, ẹ kí àwọn tó bèèrè mi àti àwọn tí kò bèèrè. Ọwọ́ mi ti ń jinná.

Èmi Ràmátù, ìyá Mónsúrù,
ọmọ yín.