Mo Ti Bá Ọ Bẹ Onílé C7

Sìlífátù Àlàkẹ́, ọmọ mi,

Kú iṣẹ́ o, kú làálàá Èkó. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun yó? A ò ní fi ojú sunkún ara wa, àmín. Àwa náà ń mí níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ mímí nìkan náà ni.

Láwàlì awakọ̀ fún mi ní lẹ́tà rẹ ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Mo fi ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. O ní kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín ṣàdédé dákú ní Àlàrùba ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọ 0C7 sójú ara rẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. O ní ọ̀gá yín sọ pé ìwọ lo jókòó tì í, pé bí o ò bá rí ohun tó fà á kí oṣù yìí tó parí, kí o máa bọ̀ nílé. Yéè, mo gbé! Ọdún méjì tí o fi kọ́ṣẹ́ náà!

Mi ò dúró jẹun. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dákú kì í sọ̀rọ̀ lásán, ẹni tó ṣe é ló máa ń dárúkọ. Èyí tí kò wá ní ẹnu, nọ́ńbà ilé onítọ̀hún ni yóò kọ. Òdo iwájú yẹn ò kúkú já mọ́ nǹkan kan, mo yọ ọ́ kúrò, ó ku C7. Mo bá gba Ìbarà lọ níbi tí wọ́n ti kun nọ́ńbà sára ilé, mo wá a títí oòrùn fi kàn mí látàrí, mo sì rí i. Baba Mọ́ṣúdù kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló ń gbé ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n dárí jì í. Wọ́n ní kí àwọn dárí ji ta ni. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan ló dákú l'Ékòó tó dárúkọ ilé wọn. Baba fi Kùránì búra pé àwọn ò mọ ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn ẹ̀rọ rélùwéè, àwọn ò sì bá ìyẹn gan-an jà rí. Mi ò dìde. Nígbà tí orúnkún mi fẹ́ bó, ìyàwó wọn bá mi bẹ̀ wọ́n, baba wá ní tó bá jẹ́ ìdáríjì ni mo wá gbà, àwọn ti dárí jì í, kí ẹ̀rọ náà dìde. Nítorí náà, sọ fún un létí pé ilé C7 ti gbà.

Bí kò bá tún dìde, ṣe é bí a ṣe ń ṣe ìkòkò aró tó kú. A kì í lù ú, a kì í sì í rò ó láròjù. Béèrè ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀ kẹ́yìn kó tó dákú, àti ẹni tó dà á, ibẹ̀ ni àrùn máa ń wà. O tún ní inú yàrá tó tutù bí ọyẹ́ lẹ fi í sí. Ta ló ń fi aláìsàn sínú òtútù, Sìlífátù? Ẹ gbé e sóòrùn díẹ̀.

Èmi tí mo ń sọ èyí, ìkòkò tèmi ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà ààwẹ̀. Ewé ẹ̀lú wà níbẹ̀, eérú wà níbẹ̀, síbẹ̀ aṣọ kì í mu aró, ṣe ló ń jáde bí èyí tí wọ́n fi omi ìfọwọ́ ṣan. Ohun tí mo ń fi pamọ́ fún ọ rèé: ahọ́n mi ti kú. Bí mo bá tọ́ omi aró wò, mi ò mọ̀ bóyá ó kan tàbí ó korò, àfi bí ẹni tó lá omi òjò. Mọ́níkẹ́ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ aró bá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ọ du oníbàárà, ṣé òótọ́ ni yóò sọ? Ìwọ ni mo kọ́ ní ìtọ́wò yẹn láti kékeré, ahọ́n rẹ ò ṣì í rí. Àwọn oníbàárà mi ti ń yà sọ́dọ̀ Mọ́níkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti sú mi, ọmọ mi, ó sú mi pátápátá.

Jọ̀wọ́, má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ Àlàrùba ọ̀hún, lẹ́yìn ìrun àsúbà, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní kí Ọlọ́run dá ọ padà wálé fún mi, ọ̀nàkọnà tó bá wù ú. Ọ̀nàkọnà ni mo wí o. Ẹnu mi yìí! Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀rọ yín dákú. Nígbà tí mo sì ka ibi tí ọ̀gá rẹ ti ní kí o máa bọ̀ nílé, inú mi kọ́kọ́ dùn kí ẹkún tó dé. Ìdí tí mo fi sáré lọ Ìbarà nìyẹn. Baba Mọ́ṣúdù ò mọwọ́, wọn ò mẹsẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ti rí ohun tó fà á, ìyá rẹ ni. Mo ti gba àdúrà náà padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Fi náírà márùn-ún rán Láwàlì sí mi kí n fi ra ẹ̀lú sí i. Má gba ti báńkì o, owó tí mo fi pamọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́sí, òmíràn ni wọ́n dá padà fún mi, nọ́ńbà ara rẹ̀ yàtọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá dìde, jókòó tì í, má ro tèmi. Bí kò bá dìde, mi ò gbàdúrà o, mo kàn ń sọ ọ́ ni: mo ti po aró ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Mi ò tíì tọ́ ọ wò.

Èmi ìyá rẹ,
Asiata