Ẹnu Àkọ́bí Nílé Ọkọ

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá mi, ẹ kú iná gaàrí, ẹ sì kú ojú tí ẹ fi ń wọ̀nà láti ọjọ́ tí ẹ ti sìn mí kúrò ní Òkèhò lọ sílé ọkọ. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo kí Bíńtù, àbúrò tí ẹ bí tẹ̀lé mi. Mo kí Sùlé, àbúrò wa kékeré, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sùlé, rọra kà á, má fo ibì kankan, kódà tí o bá débi tí mo ti dárúkọ rẹ. Kí gbogbo ilé gbọ́ ọ, àti ará àdúgbò tó bá bá yín jókòó, nítorí kò sí ilé tí kò ní àkọ́bí.

Ẹ má fi ìwé ọwọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí eérú. Ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá sí mi lọ́wọ́: màá kọ ẹyọ kan, màá dúró, màá pe èkejì lábẹ́ ahọ́n kí n tó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé karùn-ún ni mo wà tí ẹ fi bí Sùlé, tí ẹ ní kí n dúró sílé kí n máa pọ̀n ọ́n. N kò fi sun ẹnikẹ́ni, ìyá mi. Mo kàn ń sọ ìdí tí lẹ́tà mi fi ń wọ́ bí ìgbín ni.

Àdúgbò Ìbà la ń gbé. Ilé bọ̀dá àgbà ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Àlàbá níbi tí wọ́n ti ń tún fáànù ṣe. Ráṣídì ọkọ mi ló ń wé wáyà tuntun sínú èyí tó bá ti jóná. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, ìka rẹ̀ a máa rùn bíi wáyà jíjóná, kódà lẹ́yìn tó bá wẹ̀. Èmi máa ń tẹ̀lé ìyáálé mi, ìyẹn ìyàwó bọ̀dá, lọ sí Okokomaiko níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, a sì ń ta búrẹ́dì àti omi tútù. Òjò ń rọ̀ ṣáá ni níbí. Omi máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, àfi ká to búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀ ká tó lè rìn jáde. Nǹkan kékeré tí mo fi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá kò tó nǹkan o, ẹ bá mi fi ra ọṣẹ.

Nínú ilé yìí, èmi ni mo kéré jù. Ẹ ṣáà mọ bí àṣà ṣe rí: ẹni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àmínà, ọmọ bọ̀dá tí kò tíì pé ọmọ ọdún méje, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Bẹ́ẹ̀ eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Nígbàkígbà tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, á fọwọ́ bo ẹnu, á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà á ní kí ìyàwó òun wá bá òun fọ bàtà. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́ rí nílé wa àfi ẹ̀yin àti bàbá.

Tí mo bá ní kò dùn mọ́ mi díẹ̀, irọ́ ni. Ìyáálé mi máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bi mí, mo wẹ̀yìn wò, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, ìyá mi. Nílé wa, èmi ni mo máa ń bi àwọn tó kù.

Ráṣídì ni àbígbẹ̀yìn nílé tiwọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín ló sì máa ń kọ́kọ́ fi dáni lóhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé ẹ̀bà ni tàbí ìrẹsì, kó tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo yọ egún ẹja rẹ̀ kúrò kí n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún Sùlé. Ó jẹ ẹ́ tán, kò fura. Èmi náà kò fura, àfi nígbà tí mo ń fọ abọ́. A bá ara wa mu bí ìkòkò àti ọmọrí. Ìyẹn gan-an ló wá ń dẹ́rù bà mí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bọ̀dá pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìjánìkín, àwọn sì ń wá ẹni tí yóò dúró síbẹ̀ bí ọ̀gá. Wọ́n wo Ráṣídì, wọ́n bi í pé ṣé á lè lọ. Ráṣídì wolẹ̀. Ìyá mi, ó fẹ́ lọ. Ọjọ́ tí a jọ ń sáré ká aṣọ nítorí òjò ló sọ fún mi pé bí òun bá ní tábìlì iṣẹ́ ti ara òun, ẹnu ọ̀nà lòun máa gbé e sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí wáyà. Ṣùgbọ́n kò fọhùn. Bọ̀dá ń dúró. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí bàbá bá bèèrè ẹni tó jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́ tí a sá. Gbogbo àwọn àbúrò mi á yíjú sí mi, èmi ni màá sì dáhùn. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní, "Á lọ, sà. Ó ti ń wù ú láti lọ."

Èmi tí n kì í lè kí àlejò kó gbọ́.

Ìyáálé mi wá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, a rò pé ìyàwó la fẹ́ fún Ráṣídì. Àṣé ẹ̀gbọ́n mìíràn la tún lọ fẹ́ fún un."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ráṣídì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí ẹ̀rín tán, bọ̀dá ní àwọn kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí àwọn bi. Wọ́n ní tí àwọn bá kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á tún bi í, tí kò bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, àwọn á gbé ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tí kò lè dá àwọn lóhùn, kí ni yóò sọ fún oníbàárà?

Láti ọjọ́ náà, Ráṣídì kò bá mi jà. Ó ń jẹ oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á ní ẹ̀gbọ́n, ó dàbọ̀. Tí mo bá gbé omi fún un, á ní ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé n kò ṣe nǹkan kan, pé gbogbo ayé òun làwọn èèyàn ti ń gbẹnu sọ fún òun. Ó wá ní, "Mo kàn rò pé lójú tìrẹ, èmi kì í ṣe àbígbẹ̀yìn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò láyà mi, ìyá mi. Mo ń bi ara mi pé ṣé bí ẹ ṣe bí mi nìyí, àbí ipò tí mo bọ́ sí ló sọ mí dà báyìí? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lórí fóònù nípa Bíńtù. Bíńtù tó máa ń fi iná sílẹ̀ lọ ṣeré, tó máa ń sunkún nítorí abọ́ kan ṣoṣo, ẹ ní ó ti ń jí ṣáájú yín báyìí, pé tó bá ń jágbe mọ́ Sùlé, ẹ máa ń rò pé èmi ni mo dé. Kò mu àgbo kankan. Mo kúrò níbẹ̀, ó sì bọ́ síbẹ̀, ni àyè náà bá ń kọ́ ọ níwà. Ìdí nìyí tí mo fi ń retí Ìjánìkín. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó rí Ráṣídì nígbà tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n. Ó lè di ẹlòmíràn, tí èmi kò bá ti tẹ̀ lé e lọ di ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di gbogbo ẹrù mi lé Bíńtù lórí. Sùlé, ìwọ náà ti dàgbà tó ẹni tó ń pọn omi ara rẹ̀. Kí ẹ sì máa bi Bíńtù bóyá ó ti jẹun.

Òní ni Ẹtì. Wọ́n ti dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n wà ní pálọ̀. Èmi wà nílé ìdáná, ògiri kan ló là wá láàárín. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí: kí ọwọ́ mi lè máa sọ̀rọ̀, kí ẹnu mi lè sinmi. Bọ̀dá ti bi í. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Kò tíì dáhùn.

Mo ti deyín mọ́ ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí n máa kí yín lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá tó ń bá yín yan gaàrí. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé iwájú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara bàbá mi le. Ẹ ó jẹ èrè wa, gbogbo wa pátá, àti ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó kẹ́yìn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ara wa gbọ́ ohun tí

Ó fọhùn. Ohùn náà rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó ní, "Bọ̀dá, mo máa lọ." Bọ̀dá ń bi í báwo ni yóò ṣe to ibẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ìyá mi. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni tábìlì máa wà. Ìyáálé mi fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ráṣídì ní ẹ jọ̀ọ́, òun kò tíì sọ tán, òun sì fẹ́ kí ìyàwó òun jókòó gbọ́ èyí tó kù.

Ó ń pè mí. Àṣàkẹ́ ló pè mí, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo ń lọ jókòó, n kò ní í sọ nǹkan kan. Èmi ni, ọmọ yín, Àṣàkẹ́. Ẹ sọ fún Bíńtù pé kí òun náà máa jókòó sinmi.